Irin Inú Ẹsẹ̀ Fẹ̀yíṣàrà

Fẹ̀yíṣàrà apẹja ní kí dókítà yọ irin tó fi to egungun ẹsẹ̀ òun kúrò, kí wọ́n lè jẹ́ kí òun wọ ọkọ̀.

Ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ apẹja máa wọ́ ẹ̀rọ kan tó ń ka òòfà inú àpáta ìsàlẹ̀ òkun, kí a lè mọ bí ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ Brasil ṣe ya kúrò lára ara wọn. Irin máa ń da ẹ̀rọ náà rú. Nítorí náà, ìgbòkun la fi ń rìn, òkúta sì ni ìdákọ̀ró wa.

Ní èbúté, Adérójú tó ń yẹ àwọn apẹja wò máa ń gbé kọ́ńpáàsì sún mọ́ ara ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, bóyá irin wà níbẹ̀. Tó bá dé orúnkún Fẹ̀yíṣàrà, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á yí.

"Ìyá wa, abẹ́rẹ́ mi fẹ́ràn yín o."

"Ó sàn ju ìyàwó rẹ lọ. Àpáta yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi. Ṣé ó máa sá lọ ni?"

"Òfin ni, mà. Ẹ padà sílé."

Iṣẹ́ mìíràn kò sí létí omi yìí.

Láàárọ̀ yìí, abẹ́rẹ́ náà kò mira. Adérójú ní, "Ẹ wọ ọkọ̀, mà." Àwa méjì la gbé e sínú ọkọ̀, nítorí ẹsẹ̀ náà kò lè gbé e mọ́.