Onígbàjámọ̀ Tó Júwe Ọ̀nà Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí dé ọwọ́ yín, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ẹ kà á tán, torí ọ̀rọ̀ náà kan ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹnu.

1.
Ìlú kan wà létí odò, tí kùrukùru máa ń bò láràárọ̀ títí oòrùn á fi mú. Ẹni tó bá jí ní kùtù á rò pé ojú àlá lòun ṣì wà. Á máa gbọ́ ohùn, kò ní í rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Amọ̀ ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Wọ́n ń fi mọ ìkòkò, wọ́n ń fi ṣe bíríkì. Gbogbo ìlú ló ni ilẹ̀ amọ̀ náà, ẹnìkan ò lè dá a tà. Wọ́n máa ń wa apá kan, wọ́n á fi apá kejì sílẹ̀ kó sinmi, kí odò lè gbé amọ̀ tuntun wá síbẹ̀. Wọn kì í gbin nǹkan sí apá tó ń sinmi, wọn kì í sì í kọ́lé sí i.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wá dé, ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sórí ilẹ̀ tó ṣófo. Opó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alámọ̀ ló dìde sí wọn.

“Ilẹ̀ yìí ò ṣófo,” ó wí, “ó ń sinmi ni. Ṣé bí ẹ bá bá èèyàn lójú oorun, ẹ ó ní kò sẹ́ni nílé ni?”

Ó gbé wọn lọ sí kóòtù. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà á nìyẹn. Wọ́n fọ́ ìkòkò tó sá sóòrùn. Ọkọ̀ dúdú ń tẹ̀ lé e. Ẹnìkan pè é lórí fóònù pé inú odò ni wọ́n máa ti rí òkú ẹ̀. Ìlú bá pinnu pé kò gbọ́dọ̀ dá rìn mọ́. Láràárọ̀ ni yóò máa yí ọ̀nà padà, ẹni tó bá ń sìn ín nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

2.
Onígbàjámọ̀ ni àbúrò yìí. Ẹnudùn ni ìnagijẹ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ká má parọ́ mọ́ ọn. Ohun tó kàn ń dùn ún ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni gbogbo ayé ń kí. Bí wọ́n bá kí òun náà, wọ́n á ní, “Àbúrò Ìyá Alámọ̀, ẹ ǹ lẹ́ o.” Á ní, “Èmi náà ṣáà lórúkọ.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àlejò kan tó wọ ẹ̀wù funfun wá gé irun, ó ní kó fá irùngbọ̀n òun pẹ̀lú. Ó jókòó, ó gbé orí sẹ́yìn, ó ń pe Ẹnudùn ní alàgbà.

“Alàgbà, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí ilé-iṣẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ń bínú jù.”

“Ó máa ń gbọ́ tèmi,” Ẹnudùn wí. Irọ́ ni. Ìyá Alámọ̀ ò gbọ́ tirẹ̀ rí.

“Wọ́n fẹ́ fi yín ṣe alábòójútó níbẹ̀. Ẹ wá sí ọ́fíìsì wa láàárọ̀ ọ̀la, ká wọn aṣọ iṣẹ́ yín.”

“Láàárọ̀ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń sìn lọ síbi amọ̀.”

“Ọ̀gá mi lè pàdé wọn lọ́nà, kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà?”

Abẹ wà lọ́wọ́ Ẹnudùn, ọrùn àlejò wà níwájú rẹ̀, síbẹ̀ òun gan-an ni wọ́n ń fá. Ó wo dígí, ó rí ara rẹ̀ nínú aṣọ alábòójútó, gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Ojú rẹ̀ ti lọ jìnnà.

“Ọ̀nà ìdí ọparun,” ó wí.

3.
Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Alámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, agbọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ máa lọ níwájú, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ yà síbì kan, mo ń bọ̀ lẹ́yìn yín.”

“Ṣé o ti jí báyìí? Ojú ẹ dà bíi ti ẹni tó ń lálàá.”

“Mo ti jí.”

“Má pẹ́ o.”

Kùrukùru kọ́kọ́ gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba agbọ̀n, ó gba gèlè. Ẹnudùn ṣì ń gbọ́ orin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kùn sẹ́nu, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ ní àwọn ò mọ ọkùnrin ẹlẹ́wù funfun kankan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yé Ẹnudùn, ló bá sáré lọ sí ìdí ọparun. Agbọ̀n nìkan ló bá. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti gbé òkú Ìyá Alámọ̀ jáde nínú odò. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

4.
Kò sẹ́ni tó bú Ẹnudùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìlú mọ̀ pé òun nìkan ló mọ ọ̀nà. Wọn ò kàn gbé ọrùn fún un mọ́ ni. Ta ni yóò gbé ọ̀fun sábẹ́ abẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àga rẹ̀ ṣófo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin Ìyá Alámọ̀ wọlé, ó jókòó sórí àga náà.

“Bọ̀ọ̀dá, ta lẹ sọ ọ̀nà fún?”

Ẹnudùn sunkún, ó sọ gbogbo rẹ̀.

“Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá ọkùnrin náà mọ̀. Ọ̀la la fẹ́ lọ sí kóòtù. Ẹ wá sọ ọ́ níbẹ̀.”

“Wọ́n á pa èmi náà.”

“Màmá mi mọ̀ pé wọ́n lè pa àwọn. Síbẹ̀, wọn ò yé lọ síbi amọ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, adájọ́ béèrè ẹlẹ́rìí. Ọmọ náà ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹnudùn ò wá. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ dìde, ó ní kò sẹ́ni tó ń lo ilẹ̀ náà, ó ṣófo. Adájọ́ dá wọn láre, wọ́n sì ti mọ odi yí ilẹ̀ náà ká báyìí. Àwọn tó pa Ìyá Alámọ̀ ń rìn kiri, wọ́n ń gé irun níbòmíì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ jà fún ilẹ̀ gbogbo yín, ẹ má jẹ́ kó dá rìn. Ẹ má torí oyè àti ọ̀rọ̀ dídùn júwe ọ̀nà rẹ̀ fún àjèjì. Bí ẹnu yín bá sì ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù pa á dé lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá nílò rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Ẹnudùn yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì ni ọ̀ràn bá.