Ooru Méjì, Àpótí Kan

Àgbọ́ìgbọ́tán ló ba ọkùnrin kan jẹ́. Kí ènìyàn tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, yóò ti ní, "Mo ti mọ̀." Bó ṣe di ẹni tí wọ́n ń pè ní Mo-ti-mọ̀ nìyẹn.

Ní kíláàsì kọ̀ǹpútà, olùkọ́ wọn gbé àpótí páálí méjì sórí tábìlì. "Bí ẹ bá ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà," ni ó wí, "àpótí kìíní wà fún ohun tó ń yí padà. Ẹ lè kó ti àná kúrò, kí ẹ fi ti òní sí i. Èkejì wà fún ohun tí kò gbọdọ̀ yí padà. Bí ẹ bá ti fi nǹkan sí i, ẹ kàn án pa."

Mo-ti-mọ̀ ti ń palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́. "Ẹ̀kọ́ ọmọdé lèyí, mà. Mo ti mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń sin adìẹ. Àrùn ti pa gbogbo wọn, ọ̀ọ́dúnrún ẹyin ló kù tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ padà. Ó ra ẹ̀rọ tó ń sàba lórí ẹyin, ó ní kí àbúrò òun kọ ètò tí yóò máa darí iná rẹ̀.

"Ooru rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n méjìdínlógójì o. Gbogbo ohun tí mo ní nìyí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Mo ti mọ̀."

Hùn! Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìkánjú ni kò jẹ́ kó rántí àpótí méjì tí olùkọ́ wọn gbé kalẹ̀. Nínú ètò tó kọ, ó fi méjìdínlógójì sínú àpótí kan, ó pè é ní "ooru". Ooru tí ẹ̀rọ bá sì wọ̀n, inú àpótí yẹn kan náà ló ní kó máa lọ. Ó wá ní kí kọ̀ǹpútà pa iná bí ooru tí ẹ̀rọ wọ̀n bá ju ti inú àpótí lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ wọn ogójì, ogójì lé méjìdínlógójì jáde. Kọ̀ǹpútà bi ara rẹ̀ pé, ṣé ogójì ju ogójì lọ? Rárá. Iná ń jó lọ ràì, ooru sì ń ga sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ náà, ooru gbá a lójú. Ó fọ́ ẹyin kan, ó ti jinná.

"Yéè! O ti bá mi se gbogbo ẹyin mi!"

"Àǹtí, ẹ dákun, mo rò pé..."

"O ò rò nǹkan kan! Má fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi mọ́ láé. Èmi fúnra mi á lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, adìẹ á sì tún ké nínú ọgbà mi."

Ó sì lọ lóòótọ́. Mo-ti-mọ̀ gbẹ́ ihò lẹ́yìnkùlé, ó ń ru ẹyin náà lọ sin, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́gbọ́n. Ohun tó ń yí padà, ẹ fún un ní àpótí tirẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ yí padà, ẹ kàn án pa. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ yín sọ̀rọ̀ tán, nítorí ẹni tó ní òun ti mọ̀ kò tíì mọ nǹkan kan.