Wúrà Etí Odò

Láti ọjọ́ tí wolé-wolé ti fẹ̀yìn tì, kò sí ilé tí yóò yẹ̀ wò mọ́ àfi tirẹ̀. Á ṣí ìkòkò wò. Á fi ìka ra ojú fèrèsé, á sì gbé eruku rẹ̀ han ìyàwó. Aránṣọ ni ìyàwó náà, inú pálọ̀ ló ti ń ránṣọ. Bí oníbàárà bá dé, ọkọ á gba aṣọ lọ́wọ́ wọn, á yí i sódì, á máa ka àléébù rẹ̀ jáde. Láàárín oṣù méjì, oníbàárà mẹ́rin ti kó aṣọ wọn lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ tí í wá wúrà nínú ilẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ rà á," ni ìyàwó wí.

Ní ìsọ̀, ẹ̀rọ aláwo ńlá ni ó kọ́kọ́ dì mú.

"Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni ẹni tó ń tà á wí. "Àwo kékeré ló ń gbọ́ ohun kékeré. Ẹ máa fà á jẹ́jẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bó bá sì ti ké, ẹ wú u, ìbáà ṣe ìṣó."

"Ṣé ìwọ náà ti fi rí wúrà?"

"Bí mo bá ti rí i, ṣé ibí lẹ máa ti bá mi?"

Wolé-wolé fi èèkàn àti okùn pín etí odò. Ó ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, ó ń fi gègé pupa sàmì sí ibi tó kàn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó wú ìṣó, ìdérí ìgò àti ààbọ̀ ṣíbí. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Láti Mọ́ńdè, òun yóò tún àpótí òwú ìyàwó òun tò.

"Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i," ni aránṣọ wí. Ó wé gèlè bo etí, ó ní òun ń lọ ra abẹ́rẹ́.

Ní Sátidé kejì, ẹ̀rọ ké. Wúrà ni, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Alágbẹ̀dẹ wúrà wọ̀n ọ́n, ó sanwó, wolé-wolé sì da owó náà sórí máṣíìnì ìyàwó rẹ̀.

"Ta ló ní mo ń ṣeré?"

"Kì í ṣe èmi."

Láti ọjọ́ náà, ó di kí ó jáde láàárọ̀, kí ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Oníbàárà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Sátidé kan kì í lọ láìsí hóró kan, ìwọ̀n kan náà.

"Ìyá kan ló bí wọn," ni wolé-wolé wí nígbà tó gbé ẹ̀kẹfà dé.

Alágbẹ̀dẹ wúkọ́. Òun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ẹ̀wù kan ṣoṣo ti ń pààrọ̀ ẹ̀wù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wolé-wolé yí ọrùn ẹ̀wù náà sódì, ó wò ó fínnífínní.

"Ẹni tó rán èyí mọṣẹ́. Ìyàwó mi ì bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Màá bá a sọ ọ́," ni alágbẹ̀dẹ wí.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, aránṣọ wo àmì pupa ara ògiri, ó ká ẹ̀wù tuntun kan mọ́ owó ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó yà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó sì gba etí odò lọ, yẹtí kan ṣoṣo létí, láti lọ ri ìkejì rẹ̀, tí alágbẹ̀dẹ ti yọ́ di hóró, mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀keje.