Mo Ní Mi Ò Rí Ìgbẹ́ Yà

Mo ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára ìṣó ẹ̀gbẹ́ kántà apòògùn, mo sì ń fajú ro bí aláìsàn.

"Apòògùn, mi ò tíì rí ìgbẹ́ yà o."

Ó gbójú sókè. Ẹyinjú yẹn! Àyà mi ń lù kìkì.

"Ṣé ẹ ń mu yógọ́ọ̀tì tí mo ní kẹ́ ẹ máa mu? Ẹ ń jẹ ẹ̀wà àti èso?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń ṣeni lóore nínú ìfun yín ló ń fẹ́ ìtọ́jú. Bí wọ́n bá jẹun yó, wọ́n á bá yín mú oúnjẹ dà, ìgbẹ́ á sì máa wá déédéé."

Bó ṣe ń pe "ìfun" yẹn, àfi bíi pé orúkọ mi ló ń pè.

"Kò tíì ṣiṣẹ́, Apòògùn."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà nìyẹn. Ẹ má wá síbí mọ́."

Mo gbé! Kí n má rí i mọ́ kẹ̀?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tún máa mu yógọ́ọ̀tì yẹn ná!"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ìṣó.

"Onídìrí, ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù yín àti tèmi jọ ń lò. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ rèé. Àràárọ̀ lẹ ń wá gbà á. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà báyìí ni."

Ilẹ̀ ò kúkú lanu kó gbé mi mì.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìgbà wo lo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́?"