Tísà Ìṣirò Tó Ní Mẹ́sàn-án Ju Mẹ́wàá Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ, torí ẹni tó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán ni ìtàn náà dá lé lórí.

1.
Ní ìlú Amman, lórí òkè Jofeh, tísà ìṣirò kan wà tó ń jẹ́ Fawwaz. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Rakan ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Ìyá Rakan sì ni ìyàwó rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí fi ń forúkọ sílẹ̀ fún Hajj kí orúkọ rẹ̀ tó jáde. Ó ku oṣù méjì kí wọ́n gbéra. Ojoojúmọ́ ló ń gun àtẹ̀gùn òkè náà lọ, tó ń sọ̀ bọ̀.

"Mò ń kọ́ ẹsẹ̀ mi ni," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò ní fi kẹ̀kẹ́ tì mí yí Káábà po. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni màá fi rìn ín."

2.
Fawwaz ra mọ́tò kan tó ń lo iná dípò epo. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn tó kó mọ́tò náà wọ̀lú fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù: "Ẹ yẹ nọ́ńbà sọ́fítíwíà tó wà nínú mọ́tò yín wò. Bí kò bá tíì dé 3.10, ẹ má gbé e dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ o, bíréèkì lè tú fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e wá, ọ̀fẹ́ la ó bá yín tún un ṣe."

Fawwaz wọnú mọ́tò, ó tẹ ojú sikirínì títí ó fi dé ibi tí wọ́n kọ "Nípa Mọ́tò Yìí" sí. 3.9 ló bá níbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Rakan, fọkàn balẹ̀. Òdo ìparí yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. 3.10 náà ni 3.1. Mẹ́sàn-án ju ẹyọ kan lọ, àbí kò jù ú?"

Ta ni yóò bá tísà ìṣirò jiyàn?

3.
Mutasim ni. Òun ló ń tún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe nísàlẹ̀ òkè, ọmọ ilé ìwé Fawwaz sì ni nígbà kan rí. Ó kọjá lọ́jọ́ kan níbi tí Fawwaz àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń mu kọfí, ó rí mọ́tò náà tí wọ́n gbé dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

"Tísà, ẹ kú àárọ̀ o. Nọ́ńbà wo ló wà nínú mọ́tò yín?"

"3.9."

Mutasim káwọ́ lérí. "Yéè! Ti àtijọ́ nìyẹn! 3.10 ló dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ẹ ò ní mu kọfí yín tán kí n tó ṣe é."

"Ìwọ? Ìwọ Mutasim tó gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún nínú tawjihi, ìdánwò àṣejáde girama? Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní òǹkà?"

"Tísà, ẹ má bínú. Àmì ààrin yẹn kì í ṣe—"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!"

Àwọn tó jókòó ti kọfí wọn fi Mutasim rẹ́rìn-ín. Ojú tì í. "Ó dáa, Tísà," ó wí. "Ẹ ṣáà bá mi fi òkúta há táyà ẹ̀yìn."

4.
Láti ọjọ́ náà ni ara Fawwaz ò ti lélẹ̀ mọ́. Yóò máa jẹun lọ́wọ́, yóò dìde lọ wo sikirínì. 3.9. Bó bá kírun tán, á tún lọ wò ó. 3.9. Lọ́jọ́ kan, ó tilẹ̀ gbé òkúta lọ sẹ́yìn táyà, àfi bó ṣe rí Mutasim lókèèrè. Kíá ló ju òkúta náà nù, ó ń gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Kí lẹ ń wá nínú mọ́tò yẹn gan-an?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Kò sí nǹkan kan."

"Bàbá Rakan, bọ́kàn yín ò bá balẹ̀, ẹ lọ bi ọmọ yẹn."

"Kí n lọ bi ta ni? Ọmọ tí mo kọ́!"

5.
Lọ́jọ́bọ̀ kan, wọ́n dúró ra búrẹ́dì kaak lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Fawwaz ń bá oníbúrẹ́dì ṣàwàdà lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ sì lọ gbé búrẹ́dì sí ẹ̀yìn mọ́tò. Ni nǹkan bá dún lábẹ́ mọ́tò náà. Ó dún díẹ̀ péré. Fawwaz yíjú padà.

Orúkọ ìyàwó rẹ̀ tí kò pè láti ọjọ́ pípẹ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Nuha! Nuha, kúrò níbẹ̀!"

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bíréèkì ti tú, mọ́tò ti yí sẹ́yìn, ó sì ti fún obìnrin náà mọ́ ògiri. Ọkùnrin mẹ́fà ló tì í kúrò lára rẹ̀, Mutasim sì wà lára wọn.

6.
Egungun ìbàdí àti ti itan ló fọ́. Dókítà ní ọdún á yípo kó tó lè dá rìn, bó bá tilẹ̀ máa dá rìn. Bí Hajj ọdún mọ́kànlá ṣe lọ nìyẹn o.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Nuha ní kí ọkọ òun ka Kùránì sí òun létí. Ó ṣí súrà kẹta, ó ń kà á bọ̀, àfi bó ṣe dúró.

"Ẹsẹ kẹsàn-án lẹ kà tán yẹn," Nuha wí, ó dijú. "Èwo ló kàn?"

"Ìkẹwàá."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló di ojú ìwé yẹn mú. Súrà kẹta, ẹsẹ kẹsàn-án. Súrà kẹta, ẹsẹ kẹwàá. Ọkùnrin tó fi ìṣirò jẹun láti ọdún yìí wá bú sẹ́kún.

"Nuha, ohun tí Mutasim fẹ́ sọ fún mi nìyí: lẹ́yìn kẹsàn-án, ìkẹwàá ló kàn. Ó ti là á lẹ́nu, mo ní kó dákẹ́."

Nuha fọwọ́ kan Kùránì náà. Ó ní, "Ẹ máa kà á lọ. Ẹsẹ̀ mi ò lè dé Káábà mọ́. Ẹ jẹ́ kí etí mi débẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wa mọ́tò ayé òde òní, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ o! Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn wo nọ́ńbà, ọ̀tọ̀ ni kó yé e. Ẹ wò ó lónìí, bí kò bá sì yé yín, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ ọmọ tẹ́ ẹ fún ní òdo lánàá. Òkúta kan péré lẹ́yìn táyà ni Fawwaz tijú láti gbé sílẹ̀, ó sì ná an ní ẹsẹ̀ aya rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.