Èémí Òwúrọ̀

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Ilé-Olújì, olúkúlùkù a fẹ́ èémí sí ojú dígí tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó lè jáde. Bí iná pupa bá tàn, ọ̀fìnkìn ti mú onítọ̀hún nìyẹn, ọkọ̀ funfun á sì gbé e lọ sí Ilé Ìyàsọ́tọ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kì í sábà padà wálé.

Ìdí nìyí tí ọkàn Ṣijúwadé fi pòrúurùu nígbà tí ìyá rẹ̀ sín lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni òfin gbà kí ènìyàn má fẹ́ èémí. Ó gún atalẹ̀, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì ń bu ú fún ìyá rẹ̀ ní gbígbóná. Orógbó tó kù nílé, ìyá ló jẹ ẹ́ tán. Ṣijúwadé kò fojú ba oorun, kò sì rántí oúnjẹ.

"Ọmọ mi, ìwọ náà mu díẹ̀."

"Ẹ máa mu ún, Màámi. Ara tèmi le."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìyá fẹ́ èémí, iná aláwọ̀ ewé sì tàn. Ṣijúwadé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ló dìde fẹ́ tirẹ̀.

Iná pupa tàn.

"Irọ́ ni!" ni ìyá ké. Ó fi etí aṣọ nu dígí náà nù-nù-nù, ó tún fẹ́ èémí tirẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ funfun nísàlẹ̀ àdúgbò. Ìyá na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

Ṣijúwadé fi ọwọ́ bo imú, ó sì fà sẹ́yìn. "Ẹ má sún mọ́ mi, Màámi."