Okùn Ọrùn Tanímọ̀la

"Ṣé Tanímọ̀la ti gbóòórùn aṣọ ọmọ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín?" Ìyàwó apẹja ló bi ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó ṣe gbé ìkókó láti inú ọkọ̀ gun orí pákó ilé. "Nọ́ọ̀sì ní tí ajá bá ti mọ òórùn ọmọ, kò ní í bù ú jẹ."

"Ó ti gbóòórùn rẹ̀." Apẹja kò lè wo ìyàwó rẹ̀ lójú.

"Òun náà wá dà?"

"Ó lọ ṣeré ni."

Àárọ̀ ọjọ́ náà ló fi ọkọ̀ gbé ajá lọ sí òdìkejì omi, tó fi okùn àwọ̀n rẹ̀ so ó mọ́ páìpù epo tó ti dípẹtà.

Omi pariwo lábẹ́ ilé. Tanímọ̀la gun pákó wọlé, ó tutù rinrin, okùn àwọ̀n tó fi eyín gé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó wo okùn náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

Ajá ní tirẹ̀ fò mọ́ apẹja, ó ń ju ìrù, ó sì ń lá ọwọ́ tó so ó.